Graphics card wo ni OptiPlex 7010 àtijọ́ lè gbé láì pààrọ̀ páwà?

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mi kan ni mo bá wá, ó ti dàgbà díẹ̀ ṣùgbọ́n ara ẹ̀ ṣì le. Dell OptiPlex 7010 ni, èyí tó ga tó máa ń dúró lóòró, kì í ṣe pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gbé mọ́nítọ̀ lé lórí yẹn. Core i5-3470 ló wà nínú ẹ̀, RAM 8GB, háàdì díìsìkì tó ń yí, Windows 10. Kò ní graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀) kankan o, Intel HD 2500 tó wà nínú CPU fúnra ẹ̀ ni mo ń fi ṣe gbogbo nǹkan.

Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń to fídíò, 1080p lásán ni, kò sí 4K níbẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti ṣí DaVinci Resolve báyìí ló máa gbé e jù sójú mi pé Unsupported GPU Processing Mode, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Tí àyè bá sì wà mo fẹ́ máa ta géèmù díẹ̀, GTA V, Minecraft, irú àwọn yẹn, mi ò ní kí gbogbo settings wà lókè pátápátá, kó má ṣáà ti máa hang mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gbé RX 580, pé òun ni òun náà ń lò. Ẹlòmíì ní 1050 Ti ni kí n wá. Ẹnìkan tún ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé CPU yẹn ti darúgbó, káàdì yòówù kí n fi síbẹ̀ asán ni. Orí mi ti dàrú báyìí. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Mi ò fẹ́ pààrọ̀ páwà, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀ yẹn, bó bá ṣeé ṣe.

Wáyà_Mẹ́fà fèsì:

Àbúrò, jọ̀ọ́ má gbé RX 580 yẹn o. Kì í ṣe pé káàdì náà burú, ibi tó o fẹ́ gbé e lọ ni kò gbà á. 185 wáàtì ni AMD kọ fún un. Páwà tó wà nínú 7010 olóòró yẹn, 275 wáàtì ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, CPU rẹ nìkan 77 wáàtì ni. Ro méjèèjì pọ̀ kó o yọ ọ́ nínú 275, wáàtì 13 ló ṣẹ́kù fún mọ́dábọ́ọ̀dù, RAM, háàdì díìsìkì àti fáànù. Kí ni wọ́n fẹ́ máa jẹ? Ká tiẹ̀ ní ó ṣeé mú mọ́ra, RX 580 ń fẹ́ wáyà onípínnì mẹ́jọ láti inú páwà, kò sì sí irú wáyà bẹ́ẹ̀ nínú páwà tí Dell fi síbẹ̀, onípínnì mẹ́fà gan-an kò sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi ara wọn léèrè kí wọ́n tó náwó ni pé níbo ni káàdì yẹn ti máa rí iná jẹ? Slot PCIe gígùn orí mọ́dábọ́ọ̀dù, ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀, máa ń fún káàdì níná, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ, 75 wáàtì. Nínú 75 yẹn, 66 ló ń gba ojú 12V wá, ìyẹn 5.5A, ìyókù ń gba ojú 3.3V. Káàdì tó bá máa jẹ ju ìyẹn lọ ni wọ́n máa ń ṣe ihò wáyà sí lórí, onípínnì mẹ́fà á gbé 75 wá kún un, onípínnì mẹ́jọ á gbé 150 wá. Tìrẹ ò ní wáyà kankan, nítorí náà káàdì tí slot nìkan lè bọ́ yó lò ń wá. Bóyá AMD ni o, bóyá NVIDIA ni o, ẹ̀yìn èyí nìyẹn ń bọ̀.

Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn ò pọ̀. GTX 750 Ti ti 2014, 60 wáàtì. GTX 1050 Ti ti 2016, 75. GTX 1650 ti 2019, 75 náà. RX 6400 ti 2022, 53 péré. RTX 3050 náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ní 6GB tó jáde ní 2024 nìkan o, 70 wáàtì nìyẹn. RTX 3050 tó ní 8GB tó ti jáde ṣáájú ẹ̀, 130 wáàtì ló ń jẹ, orúkọ wọn ló jọra ikùn wọn ò jọra, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn tà ọ́. Ṣọ́ 1650 àti 1050 Ti náà, àwọn tó ń ṣe wọ́n máa ń mú òmíràn sáré sí i láti ilé kí wọ́n wá fi ihò onípínnì mẹ́fà sí i lórí, wo ẹ̀gbẹ́ òkè káàdì náà dáadáa nínú fọ́tò kó o tó sọ pé o fẹ́ ẹ.

Bá mi ṣí àpótí ẹ̀, wo sitíkà ara páwà, kó o sì sọ irú ihò tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ rẹ fún wa, ṣé VGA ni àbí HDMI. Lẹ́yìn náà la máa mọ èyí tó kàn.

Ayaba_Timeline fèsì:

Ohun tí ọ̀gá Wáyà sọ lórí iná, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fídíò torí òun lèmi fi ń jẹun. Nínú àwọn tí wọ́n kà yẹn, RX 6400 ni kó o kọ́kọ́ yọ kúrò. Ó kéré, iná tó ń jẹ ò tó nǹkan, mo gbà, ṣùgbọ́n AMD ò fi encoder, apá tó ń fún fídíò pọ̀ di fáìlì, sínú ẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé tó o bá fẹ́ fi OBS ká ojú kọ̀ǹpútà rẹ sílẹ̀, tàbí tó o bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde ní H.264 pẹ̀lú software tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e fún káàdì ṣe, káàdì yẹn ò ní dá sí i, CPU rẹ ló máa dá gbogbo ẹ̀ rù. Àwọn NVIDIA tí wọ́n dárúkọ yẹn, gbogbo wọn ló ní NVENC, encoder ti NVIDIA, títí dé orí 750 Ti.

Resolve wá ní ìwà tiẹ̀. Color, effect, kí o máa fi node (ìpele àtúnṣe kọ̀ọ̀kan) lé node, GPU, ìyẹn chip orí káàdì, ló ń gbé gbogbo ẹ̀ fún, nǹkan tó sì máa ń kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ ẹ̀ ni VRAM, mẹ́mórì orí káàdì fúnra ẹ̀. Pẹ̀lú 4GB o lè to 1080p tó bá jẹ́ pé o ò kó effect jọ gègèrè, bó bá ti kún báyìí ó máa sọ fún ọ pé Your GPU memory is full, ìgbà yẹn lo máa mọ̀ pé o ti ṣe àṣejù. Ṣe proxy, ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́, kó o sọ timeline di 720p nígbà tó o bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó o dá a padà sí 1080p tó o bá fẹ́ gbé e jáde. Tí apá rẹ bá ká 3050 ti 6GB yẹn, 2GB tó fi ju àwọn tó ní 4GB lọ yẹn, ibẹ̀ lo ti máa jẹ̀gbádùn ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó o tó ra káàdì kankan, ṣé RAM 8GB yẹn ẹyọ kan ni àbí ẹyọ méjì? Resolve pẹ̀lú 8GB, ìyà ni. Sọ ọ́ di 16, kó jẹ́ ẹyọ méjì kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ ní dual channel, DDR3 ni wọ́n ń pè é, má lọ ra DDR4 kò ní wọ ibẹ̀. Kó o sì wá SSD. Háàdì díìsìkì tó ń yí yẹn á jẹ́ kó o rò pé káàdì tuntun ò ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé fáìlì ni Resolve ń dúró dè.

Kò_Sọ́hun_Tuntun fèsì:

Ẹ má bínú sí mi o ẹ̀yin àgbà, èmi ò gbà pẹ̀lú yín pátápátá. i5-3470 yẹn, 2012 ló jáde. Core mẹ́rin, thread mẹ́rin, kò sí hyperthreading tó ń jẹ́ kí core kan ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Ẹ ń sọ fún un pé kó lọ ra káàdì, kó ra RAM, kó ra SSD, tó bá fi máa ra gbogbo ẹ̀ tán ṣé kò ti sún mọ́ ẹni tó ra odidi kọ̀ǹpútà tó tún dáa ju ìyẹn lọ? Windows 11 gan-an ò ní gbà á lọ́nà tó tọ́, torí Intel generation kẹjọ ni Microsoft ní kó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 láti October 2025.

Ìyẹn ọ̀kan. Èkejì, RX 6400 tí ẹ ń bú yẹn, géèmù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe, kì í hang. Òun ló sì máa ń rọrùn jù láti rí ní kúkúrú fún àwọn àpótí pẹlẹbẹ.

Wáyà_Mẹ́fà fèsì:

@Kò_Sọ́hun_Tuntun ọ̀rọ̀ Windows yẹn òótọ́ ni, mi ò ní jà ọ́ níyàn. Ṣùgbọ́n káàdì, SSD, méjèèjì ló ṣeé yọ kó lọ sínú kọ̀ǹpútà tó bá rà lọ́la, RAM DDR3 nìkan ni kò ní bá a lọ. Kì í ṣe owó tó wọ kòtò. Ẹni tó bá ní odidi owó kọ̀ǹpútà tuntun nílẹ̀ kò ní máa béèrè ohun tó ń béèrè níbí.

Ti RX 6400, jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí mo ti ń fura sí i, kì í ṣe pé mo kórìíra AMD. Lane (ojú ọ̀nà tí dátà ń gbà) mẹ́rin péré ni wọ́n fi so káàdì yẹn mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù, PCIe 4.0 x4. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní 4.0, lane mẹ́rin yẹn ń gbé nǹkan bíi 8GB láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ó tó o. Gbé e wá sórí 3.0 bíi ti ọmọ wa yìí, ó di 4GB. Ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ Sandy Bridge, i5-2400 àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, 2.0 ni slot tiwọn, 2GB péré ló kù. Bí géèmù bá ṣì wọ inú 4GB tó wà lórí káàdì o ò ní mọ̀ rárá, ìgbà tó bá kún tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yá àyè nínú RAM ni wàhálà dé, ojú ọ̀nà kékeré yẹn ni gbogbo ẹrù fẹ́ gbà, ó sì máa dí. GTX 1650 ń lo lane 16 pérépéré, lórí 3.0 nǹkan bíi 16GB nìyẹn. 3050 ti 6GB ń lo mẹ́jọ, nǹkan bíi 8GB, ìyẹn náà ò burú.

Torí náà fún PC tó ti pẹ́, káàdì tuntun kọ́ ló máa ń dáa jù nígbà gbogbo. Àwọn Intel Arc gan-an, A380 àti A310, iná tí wọ́n ń jẹ kò pọ̀, èèyàn á rí wọn á ní ó ti dé, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ Resizable BAR, ohun tó ń jẹ́ kí CPU rí gbogbo mẹ́mórì káàdì lẹ́ẹ̀kan náà, tí BIOS rẹ (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) ò bá sì ní in, wọ́n máa ń ṣe bí ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. 7010 ò ní in.

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni ẹ̀yin ọ̀gá, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Mo ti ṣí i. Eruku inú ẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo kọ́kọ́ fẹ́ ẹ kúrò ná kí n tó rí nǹkankan kà.

Sitíkà páwà kọ 275W lóòótọ́, wọ́n wá pín 12V sí ojú méjì, 12VA àti 12VB, kálukú pẹ̀lú A tiẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. RAM ẹyọ kan ni. Mọ́nítọ̀ mi VGA nìkan ló ní o, ó ti pẹ́. Slot gígùn méjì ni mo rí, ọ̀kan búlúù ọ̀kan dúdú, èwo ni tèmi níbẹ̀?

Ìbéèrè kan tún kù, ẹ má bínú. Ẹnìkan ń ta GTX 1060 fún mi, ó ní tí páwà mi ò bá ní wáyà onípínnì mẹ́fà kò sí wàhálà, pé òun á fi wáyà kékeré kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́ tó máa ń gba iná lára wáyà SATA, èyí tí wọ́n fi ń so háàdì díìsìkì. Mo rí i pé SATA kan ṣófo nínú àpótí mi. Ṣé kí n gbà á?

Wáyà_Mẹ́fà fèsì:

Rárá o! Má gbà á, ì báà fi ẹ̀bùn mẹ́wàá kún un.

Jókòó kí n ṣírò ẹ̀ fún ọ. Orí wáyà SATA tó ń gbé iná, pínnì mẹ́ta ló wà fún 12V níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan 1.5A. Mẹ́ta lọ́nà 1.5, 4.5A nìyẹn. Sọ ọ́ di ìlọ́po 12, 54 wáàtì. Onípínnì mẹ́fà tó o fẹ́ so mọ́ ọn, 75 wáàtì ni káàdì gbà pé ó wà níbẹ̀, bó bá sì ti fẹ́ ẹ ló máa fà á. Àwọn pínnì SATA yẹn tín-ín-rín, wọ́n á kọ́kọ́ gbóná, ike orí ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, òórùn ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ kó o tó rí èéfín. Mo ti rí èyí tó yọ́ wọ inú ara wọn tí wọn ò lè fà á yọ mọ́, wọ́n ní láti gé wáyà ni. GTX 1060 fúnra ẹ̀ 120 wáàtì ni, kò sí nínú ohun tí à ń sọ níbí rárá.

Sitíkà: A lọ́nà fóòtì ni wáàtì. Tí wọ́n bá kọ 17A sábẹ́ 12V, 17 lọ́nà 12, 204 wáàtì ni ojú yẹn lè gbé. Ojú méjì tó o rí yẹn, má ro wọ́n pọ̀ kó o máa yọ̀, wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sísàlẹ̀ tó máa sọ iye tí méjèèjì lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ló ṣe pàtàkì. Pẹ̀lú CPU 77 àti káàdì 75, 152 nìyẹn, àwọn nǹkan kéékèèké tó kù ò ní pọ̀, 275 á gbé e láì mí hẹlẹhẹlẹ.

Slot búlúù ni tìrẹ, èyí tó sún mọ́ CPU jù. Dúdú yẹn gígùn ló gùn, lane mẹ́rin ni wọ́n so sí i nínú.

Àlòkù_Dára fèsì:

Tó bá jẹ́ àlòkù lo fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọmọ ẹni jẹ jù.

1050 Ti ayédèrú pọ̀ ní ìta. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú GTX 550 Ti àtijọ́, wọ́n á kọ BIOS irọ́ sí i, Windows á máa pè é ní 1050 Ti, àwọ̀ ara páálí ẹ̀ á sì dán. Kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Láti ìgbà GTX 10 ni NVIDIA ti yọ analog kúrò nínú chip wọn, nítorí náà tó o bá rí 1050 Ti tó ní ihò VGA lẹ́yìn, fura sí i gidi. Lẹ́yìn náà ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó ṣí GPU-Z, software tó ń fi ohun tó wà nínú káàdì hàn, níṣojú rẹ. GPU-Z máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ tó bá ti rí i pé chip inú ẹ̀ ò bá orúkọ mu. Ka iye CUDA core (àwọn ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣírò nínú chip NVIDIA) ẹ̀ náà: 1050 Ti gidi 768 ni, 550 Ti 192 péré. Ẹni tó bá ní òun ò ní GPU-Z, òun ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, iná ti lọ, sọ pé ó dàbọ̀ fún un.

Ohun mìíràn tó mú kí n sọ pé kó o fo 1050 Ti àti 750 Ti tí owó rẹ bá tó 1650: dráífà. NVIDIA ti dá Game Ready tuntun dúró fún Maxwell àti Pascal ní October 2025, ìyẹn 750 Ti, 900 àti 1000 gbogbo wọn. Tààbò nìkan ni wọ́n ní àwọn á máa tún ṣe títí di October 2028. Kò túmọ̀ sí pé káàdì yẹn kú o, géèmù tó ti ń gbé lánàá á máa gbé e. Ṣùgbọ́n Turing ni 1650, ó ṣì wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe dráífà fún.

Bí o bá sì rí 1650, béèrè bóyá GDDR5 ni àbí GDDR6. Orúkọ kan náà, CUDA core 896 kan náà, ṣùgbọ́n GDDR5 ń gbé 128GB láàárín sẹ́kọ́ńdì, GDDR6 ń gbé 192. Irú ọgbọ́n yìí burú jù lórí GT 1030, GDDR5 tiẹ̀ 48GB ni, DDR4 tiẹ̀ ò tó 17, wọ́n sì fi orúkọ kan náà ta méjèèjì. Inú máa ń bí mi tí mo bá ń rántí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ VGA rẹ, 1650 ò ní VGA. Ohun tí wàá wá ni converter HDMI sí VGA tó ní chip nínú. Má ra ike kékeré aláìní nǹkan nínú tí wọ́n fi ń yí DVI sí VGA yẹn, DVI-D ló wà lórí káàdì ìsinsìnyí, kò sí analog nínú ẹ̀, mọ́nítọ̀ á dúdú ni.

Pentium_Ò_Kú fèsì:

Ẹ dákun kí n yà lọ́nà díẹ̀, èmi tí tèmi jẹ́ Core 2 Duo ńkọ́? Ṣé kí n lọ gbé 1650 náà?

Wáyà_Mẹ́fà fèsì:

@Pentium_Ò_Kú ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ jàre. Àkọ́kọ́, BIOS àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn yẹn ń lò, kò sí UEFI, BIOS ti ìgbàlódé, káàdì tuntun lè má gbé àwòrán jáde rárá tí ẹ bá tan iná. Èkejì, Core 2 ò ní AVX, àwọn àṣẹ ìṣírò kan tó wà nínú CPU tuntun, ọ̀pọ̀ géèmù tuntun ò sì ní ṣí láìsí i, ì báà jẹ́ káàdì tó wọ́n jù láyé lẹ fi síbẹ̀. Tó bá jẹ́ kí YouTube máa ṣí dáadáa lẹ fẹ́, ẹ fi SSD sí i.

Ayaba_Timeline fèsì:

Kó tó gbàgbé mi, @Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù ọjọ́ tó o bá fẹ́ fi sí i, yọ wáyà iná kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà pátápátá, kó o wá tẹ bọ́tìnì tó o fi ń tàn án kó o dì í mú díẹ̀ kí iná tó kù nínú páwà lè jáde. Fọwọ́ kan irin àpótí náà kó o tó fọwọ́ kan káàdì, iná ara wa lè ba chip jẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Ìdè kékeré kan wà ní ìparí slot, tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ná, kó o ki káàdì bọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjì títí wàá fi gbọ́ tó dún kẹ́. Tó ò bá gbọ́ kẹ́ kò tíì wọlé. Kó o wá de e mọ́ ara àpótí, káàdì tí wọn ò dè máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Wáyà mọ́nítọ̀, ara káàdì tuntun ni kó o so ó mọ́, má dá a padà sí ihò mọ́dábọ́ọ̀dù. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù nìyẹn, wọ́n á ní káàdì àwọn ti bàjẹ́.

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù fèsì:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ti dé o! GTX 1650 ni mo gbé, GDDR6, fáànù kan, kò ní ihò wáyà kankan lórí. Mo ní kí ẹni tó tà á ṣí GPU-Z níṣojú mi, 896 ló kọ, kò sí FAKE níbì kankan. Converter tó ní chip yẹn náà ṣiṣẹ́. RAM ti di 16, ẹyọ méjì. SSD ṣì ń bọ̀.

Resolve ti ṣí! Ọ̀rọ̀ Unsupported yẹn ti lọ, mo fa clip sílẹ̀ mo fi color sí i ó ń lọ geere. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú, nínú GPU-Z níbi tí wọ́n kọ Bus Interface sí, ó ń sọ PCIe x16 3.0 @ x16 1.1. Kí ló dé tó jẹ́ 1.1? Ṣé mo fi sí slot tí kò yẹ ni? Búlúù yẹn kúkú ni. GTA V náà ń lọ dáadáa, àfi tí mo bá dé àárín ìlú tí mọ́tò bá pọ̀ ló máa ń fà díẹ̀.

Àlòkù_Dára fèsì:

Kò sí ohun tó ṣe é. Ó ń sinmi ni, tí kò bá ṣiṣẹ́ ó máa ń rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ sí 1.1 kó má baà máa jẹ iná lásán. Àmì ìbéèrè kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó o ti kà á yẹn, tẹ̀ ẹ́, ó máa ní kó o ṣe render test, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó o máa wò ó, á fò sí 3.0. Ohun tó yẹ kó o bá wà lójú kan ni x16 yẹn, tó bá jẹ́ x4 lo rí ni kó o sá padà wá bá wa.

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù fèsì:

Ó ti di 3.0 lóòótọ́! Ẹ ṣé o.

Kò_Sọ́hun_Tuntun fèsì:

Mo kí ọ kú oríire. Ṣùgbọ́n GTA tó ń fà láàárín ìlú yẹn, ṣí Task Manager kó o wo CPU, mo mọ ohun tó o máa rí níbẹ̀ 😂

Ọmọ_Kíbọ́ọ̀dù fèsì:

Ọ̀gá mi, 100 ni 😩 GPU wà ní nǹkan bíi 60.

Wáyà_Mẹ́fà fèsì:

@Kò_Sọ́hun_Tuntun ìwọ lo jàre níbẹ̀ yẹn, mo fún ọ.

Àbúrò, tó bá yá wá i7-3770. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, LGA1155, core mẹ́rin bíi tìrẹ ṣùgbọ́n thread mẹ́jọ, iná tó ń jẹ náà 77 wáàtì ni, páwà rẹ ò ní mọ̀ pé nǹkankan yí padà. Má wulẹ̀ san owó púpọ̀ fún 3770K, mọ́dábọ́ọ̀dù Dell yẹn ò ní jẹ́ kó o overclock ẹ̀. Ra thermal paste tuntun pẹ̀lú ẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí á ti gbẹ. Kó tó di ìgbà yẹn, wọ inú settings GTA kó o rẹ Population Density sílẹ̀, CPU ni ìyẹn ń jẹ, mọ́tò á dín kù lójú títì, ìrìn á sì já gaara.

Ayaba_Timeline fèsì:

SSD ná o! Kó tó kan i7.